Ta ni ká dá lẹ́bi: ibà tó ń ṣe ọ̀pọ̀, àbí fòníkú-fọ̀ladìde tó ń ṣe àwọn díẹ̀?

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa débi pé dídákẹ́ wa kò bójú mu mọ́.

Ohun tí wọ́n ń sọ nìyí. Wọ́n ní owó ìlera tí ìjọba ní kò pọ̀. Wọ́n ní ibà ń pa ọmọdé, kí ló dé tí a ó fi máa náwó òògùn lé àrùn tí kì í ṣe gbogbo ayé ló ń ṣe? Kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn ná, kí àwọn díẹ̀ ní sùúrù. Àwọn míì fi ìbínú kún un: wọ́n ní ẹni tó bí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, nítorí pé kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó fẹ́ra pẹ̀lú ẹni tó fẹ́. Kí ló wá kan owó ìlú níbẹ̀?

Àwa olùkọ́ tó ń kọ èyí kò fẹ́ bú ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná lórí zémíjàn lóru mọ ohun tí òun ń sọ. Ibà ni àìsàn tó ń gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn jù lọ ní Benin. A kò ní kí wọ́n yọ fáràǹ kan nínú owó àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí owó òògùn ibà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣírò yẹn ni kò tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ̀bi tí wọ́n ń dá sì ń bọ́ sórí ẹni tí kò jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkà. Ta ló sọ pé àrùn kan wọ́pọ̀, tí òmíràn sì ṣọ̀wọ́n? Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ń ka èèyàn ilẹ̀ tiwọn ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tó jáde ní 1983 pe àrùn tí àwọn tó ń ṣe ní ilẹ̀ wọn kò bá tó 200,000 ní àrùn tó ṣọ̀wọ́n. Ní Yúróòpù, òfin ti ọdún 2000 ní kó má ju èèyàn 5 lọ nínú 10,000. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe òògùn fún irú àrùn bẹ́ẹ̀ máa ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ òfin: òun nìkan ni yóò máa tà á fún àrùn náà, ọdún 7 ní Amẹ́ríkà, ọdún 10 ní Yúróòpù. Òfin tó dára ni. Kó tó dé, àwọn tó ń ṣe òògùn kì í fẹ́ wo ibi tí oníbàárà kò pọ̀ sí.

Nínú ìṣirò tiwọn yẹn, fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose, àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni. Nǹkan bí 100,000 èèyàn ló ń ṣe ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ wá gbé ìṣirò kan náà wá sọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Lọ́dọọdún, ọmọ tó lé ní 300,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ káàkiri ayé, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní gúúsù Benin, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló gbé ẹ̀jẹ̀ AS sára, a kò sì tíì ka àwọn AC mọ́ ọn. Ọmọ tó bá gba S lọ́dọ̀ ẹnì kan, tó gba C lọ́dọ̀ ẹnì kejì, aláìsàn lòun náà, irú wọn kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Nínú kíláàsì tó ní ọmọ 50, ó lè tó mẹ́wàá tó jókòó síwájú wa pẹ̀lú S yẹn lára wọn, tí àwọn òbí wọn kò mọ̀. Kí ni a fẹ́ pè ní àrùn àwọn díẹ̀ níbẹ̀?

Àṣé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lókè òkun ni a gbà, tí a wá ń fi pe ọmọ ara wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọ̀ ọ́ gan-an nìyí. Ní 2002 ni àjọ tí wọ́n ń pè ní Fonds mondial bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó lè máa kó owó àwọn orílẹ̀-èdè olówó jọ fún àrùn mẹ́ta: sídà, ikọ́ ife àti ibà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni owó yẹn ti gbà là nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sì sọ pé kò ṣe nǹkan kan, irọ́ ló ń pa. Fòníkú-fọ̀ladìde kò sí nínú mẹ́ta náà. Ní ìlú àwọn olówó, àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni, òògùn rẹ̀ sì ń jáde pẹ̀lú iye tí àwọn olówó lè san. Ní ìlú tiwa tó ti wọ́pọ̀, kò sí nínú àwọn àrùn tí owó ń tẹ̀ lé. Ó wá dà bí àdán: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìmọ̀ ni kò tíì dé. Rárá o. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti erékùṣù Grenada láti kọ́ṣẹ́ dókítà eyín, tó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ ní àwòrán dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé inú hemoglobin, ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ni àbùkù náà wà. Òun ni àrùn àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé mọ ìdí rẹ̀ dé inú ohun kékeré bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí òògùn àkọ́kọ́ fún un, ìyẹn hydroxyurée, fún àgbàlagbà nìkan. Láti 1910 sí 1998, ọdún 88 ni.

Ẹ fi wé àrùn mìíràn ní Amẹ́ríkà kan náà. Ó ń jẹ́ mucoviscidose. Ó máa ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Òun náà, inú ẹ̀jẹ̀ ìran ni wọ́n ti ń bá a wáyé, òun náà ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń ṣe kò tó ìdajì àwọn tí fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2020, owó ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ná lórí aláìsàn mucoviscidose kọ̀ọ̀kan ju ìlọ́po mẹ́ta ti fòníkú-fọ̀ladìde lọ. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ná ju ìlọ́po àádọ́rin lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: àádọ́rin. Àrùn méjèèjì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà kì í ṣe iye orí ló pín owó yẹn.

A kò gbọ́dọ̀ torí èyí bínú sí àwọn òbí ọmọ mucoviscidose. Láti 1955 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń kàn sí ilé iṣẹ́ òògùn, wọ́n sì fi owó tiwọn sínú iṣẹ́ náà títí tí òògùn tó bá àrùn náà dé gbòǹgbò fi jáde ní 2012. Ohun tí òbí ń ṣe ni wọ́n ṣe. Kò sí ọmọ wa kan tó ṣàìsàn nítorí pé wọ́n dá owó. Ìjọba tó yẹ kó wo ẹni tí kò ní alágbàwí, kó fi owó gbogbo èèyàn gbè é lẹ́yìn, òun náà lọ tẹ̀ lé ibi tí ariwo ti pọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ká gbé ẹ̀bi sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Ẹni tó ń gbé ibà bá fòníkú-fọ̀ladìde jà kò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Ní 1954, Anthony Allison tó ṣiṣẹ́ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà fi hàn pé ẹni tó ní AS, ibà líle kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ìdí nìyẹn tí S fi dúró sí ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, tó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá kọjá sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Ibà ló tọ́jú rẹ̀ fún wa. Ibà ni Táíwò, fòníkú-fọ̀ladìde ni Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba S lọ́dọ̀ bàbá tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá kò ní ààbò yẹn: bí ibà bá mú un, kíá ló ń gbé e lọ. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú sí abúlé, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí, kí ni wọ́n ń kọ sínú ìwé? Ibà. Ara àwọn òkú tí ẹ fi ń jiyàn pé ibà ni kí owó lọ sí, ọmọ SS wà nínú wọn.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Wọ́n fún àwọn ọmọdé tó lé ní 600 ní hydroxyurée ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, Congo-Kinshasa, Angola, Kenya àti Uganda, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ìparí 2018. Ìrora egungun dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ikú dín kù. Ibà pàápàá dín kù lára wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó lọ. Òògùn tí ẹ ní ó fẹ́ jẹ owó oníbà, òun ló ń lé ibà. Hydroxyurée kì í ṣe òògùn tuntun tí ẹnì kan ṣì dì mọ́ra. Ó ti pẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló lè ṣe é, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn òògùn tí orílẹ̀-èdè kankan kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní. Ẹ lọ sí ilé òògùn tó wà nítòsí yín kí ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó wà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ó ku ẹ̀bi àwọn òbí. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn wá jù. Láyé àtijọ́, nígbà tí obìnrin bá bímọ tó kú, tó tún bí tó tún kú, àbíkú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ lára, wọ́n á sọ èyí tó bá tún wá ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni. Nínú gbogbo rẹ̀, ta ni wọ́n ń tọ́ka sí? Ìyá ni. Wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan, ó rìn lóru, ó gba ìgbàkugbà kọjá. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rò pé a ti kúrò níbẹ̀. Ẹjọ́ kan náà la tún ń dá, èdè Faransé la kàn fi ń dá a. A wá ń sọ pé: kí ló dé tí kò ṣe àyẹ̀wò?

Níbo ni kó ti ṣe é? Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, láti Kétu lọ dé Ìlárá, ẹni tó fẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára òun ní láti wọkọ̀ jìnnà, kó san owó ọkọ̀, kó san owó àyẹ̀wò, kó tún padà lọ gba èsì. A wá fẹ́ kí ọmọ ogún ọdún tó ń ṣẹ́gi ta ti ṣe gbogbo ìyẹn kó tó mọ̀ pé ó yẹ ní ṣíṣe. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, ní oyún kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè bí ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le koko kí ìkẹrin tó wá. Ẹlẹ́ṣẹ̀ wo ló ń rìn báyẹn? Ẹ tún wo ọ̀dọ̀ kejì. Bí wọ́n bá gbé ọmọ oníbà dé ilé ìwòsàn, ṣé nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ó ta àwọ̀n lálẹ́ àná kó tó fún un lóògùn? Kò sẹ́ni tó ń bi í, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bi í. Kí ló wá dé tí ìyá kejì ní láti kọ́kọ́ rojọ́?

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ mọ̀ wọ́n. Ọmọ tó wá sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé, tí a kò rí i mọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ tó kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí òjò bá rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di egungun ẹsẹ̀ mú. Wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Ó mọ ìwé, ṣùgbọ́n nígbà ìdánwò CEP, orí ibùsùn ló wà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń ṣe é ní Benin. Láti 1993 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún àrùn yìí ní Kútọnu, níbi iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Cherif Rahimy darí. Kí ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà? Pẹnisílíìnì, abẹ́rẹ́ àjẹsára, òògùn tí kì í jẹ́ kí ibà wọlé, àti ẹ̀kọ́ fún ìyá pé bí o bá rí báyìí, tètè gbé e wá. Kò sí wúrà níbẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2009, àwọn tó kú nínú àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún kéré gan-an sí àwọn tó ń kú nínú gbogbo ọmọdé Benin lápapọ̀. Ọmọ SS tí a mọ̀ tí a sì ń tọ́jú wá ń pẹ́ láyé ju ọmọ tí kò ní nǹkan kan lára tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni pé Kútọnu jìnnà.

Tí ẹ bá sì rò pé àrùn àwọn díẹ̀ kò lè rí owó, ẹ wo Pobẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Egbò Buruli, tí kòkòrò rẹ̀ bá ti ẹ̀tẹ̀ tan, kì í ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ lọ́dún ní gbogbo ayé. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́ nìyẹn, àfi ní àwọn ibi bíi tiwa lẹ́bàá odò. Síbẹ̀ ibùdó kan wà ní Pobẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, Fondation Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé ló ràn án lọ́wọ́, àwọn òògùn tí wọ́n fi ń wò ó láti 2004 sì ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ sí lọ́wọ́ ọ̀bẹ dókítà. Kò sí oníbà kan ní Plateau tó kú nítorí pé wọ́n wo egbò ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ wá lóminú níbẹ̀ ni pé ọwọ́ àlejò ni owó ti wá. Bí àlejò bá sọ pé ó tó lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni a ó lọ?

Ní ibì kan, a fara mọ́ àwọn tó ń ráhùn. Ní oṣù kejìlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tuntun tó ń tún ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ṣe láti gbòǹgbò. Ọ̀kan nínú wọn, Casgevy, ó tó mílíọ̀nù méjì ó lé ní dọ́là fún èèyàn kan, èyí tó ju ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù fáràǹ sẹ́fà lọ. Bí ìjọba wa bá fi owó yẹn wo ọmọ kan ṣoṣo lónìí, tí ilé ìgbẹ̀bí ní Ṣábẹ̀ kò sì ní ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwa náà yóò pariwo. Ohun tó tọ́ kì í ṣe pé kí ẹni gbogbo gba iye kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kí èyí tó pọ̀ gba gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé: fáràǹ yìí, bí a bá ná an síbí, ẹ̀mí mélòó ni yóò dá sí, ìrora mélòó ni yóò mú kúrò, ta ni yóò sì gba ẹni náà bí àwa kò bá gbà á? Bí a bá bi hydroxyurée àti pẹnisílíìnì ní ìbéèrè yẹn, wọn kò ní tì.

Àwọn tí àrùn wọn ṣọ̀wọ́n níbí pẹ̀lú ńkọ́? Ọmọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá bí ó bá gé lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní hémophile, irú rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bí ọ̀kan nínú 5,000 ọmọkùnrin. Ẹ̀bùn tó ń wá láti òkèèrè ni ọ̀pọ̀ wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà gbójú lé. Fún irú wọn, Benin àti Togo kò lè dá rà á. Kí wọ́n para pọ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rà á ló mọ́gbọ́n wá.

Oṣù kẹfà ti ń bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún rẹ̀ sì ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè yà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí. Wọn yóò pín fìlà, wọn yóò pín aṣọ. Kí ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí mẹ́rì wọn kó tó di ọjọ́ náà, kí wọ́n béèrè ohun mẹ́ta péré: ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò ní ilé ìgbẹ̀bí wa, ìgbà wo ni hydroxyurée máa wà ní ilé òògùn inú ilé ìwòsàn wa, èló sì ni òbí máa san fún un lóṣooṣù. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn. Tí ìdáhùn bá dé, ẹ gbé e wá síbí kí gbogbo wa kà á, ì báà ṣe láti Kétu, ì báà ṣe láti Atakpamé.